Anders Celsius àti Àmì Rẹ̀ Lára Àpáta Òkun

Púpọ̀ nínú wa ni ó ti ń pe orúkọ Celsius láti ìgbà tí a ti wà ní ilé-ẹ̀kọ́ kékeré, láì mọ̀ pé orúkọ ènìyàn ni. Nígbà tí a bá fi ìwọ̀n ìgbóná sí abíyá ọmọdé tí ara rẹ̀ kò dá, tí a sì wí pé ó ti di 39, ìwọ̀n ọkùnrin yìí ni a ń lò. Bẹ́ẹ̀ náà ni nígbà tí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, tí àwọn tí ń tajà ní Dùgbẹ̀ ń fi páálí fẹ́ ara wọn, tí a sì gbọ́ pé ooru ìlú Ìbàdàn ti di 35. Ṣùgbọ́n, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin olùkọ́ wa ọ̀wọ́n, kì í ṣe nítorí ìwọ̀n ìgbóná ni mo ṣe mú kálámù. Iṣẹ́ mìíràn wà tí ọkùnrin yìí ṣe, tí òkìkí rẹ̀ kò tó ti èkínní, tí ó sì dára jù ú lọ lójú tèmi. Ó mú kí a fi àmì sí ara àpáta kan létí òkun, láti fi mọ̀ bóyá òkun dúró sí ojú kan tàbí kò dúró. Àmì náà fa àríyànjiyàn tí kò parí fún ohun tí ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ.

A bí Anders Celsius ní ọjọ́ 27 oṣù kọkànlá ọdún 1701, ní ìlú Uppsala ní ilẹ̀ Sweden. Ilẹ̀ òtútù ni, níbi tí omi odò ti ń dì ní ìgbà òtútù títí kẹ̀kẹ́ ẹrù yóò fi máa gba orí rẹ̀ kọjá. Bí a ti ń rí ìdílé onílù tàbí ìdílé alágbẹ̀dẹ láàrin wa, tí ọmọ ń bá iṣẹ́ nílé kí ó tó mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì, bẹ́ẹ̀ ni ìdílé Celsius rí ní ti ìṣirò àti ìràwọ̀. Nils, baba rẹ̀, jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ ìràwọ̀. Magnus, baba baba rẹ̀, jẹ́ onímọ̀ ìṣirò àti ìràwọ̀ ní Uppsala kan náà; Anders Spole, baba ìyá rẹ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ ìràwọ̀ ni òun pẹ̀lú. Orúkọ ìdílé náà jáde láti ara ilé àwọn baba ńlá wọn, tí orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí òkìtì. Nígbà tí wọ́n di ọ̀mọ̀wé ni wọ́n yí i padà sí èdè Látìn, ó sì di ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí ohun gíga. Àwọn àgbà wa ní orúkọ a máa ro ènìyàn. Ẹni tí yóò lo ọjọ́ ayé rẹ̀ láti wọn ohun tí ń ga, irú orúkọ bẹ́ẹ̀ kò ṣe àjèjì sí i.

Ní ọdún 1725 ni a fi í ṣe akọ̀wé Ẹgbẹ́ Ìmọ̀ Ìjìnlẹ̀ ti Uppsala, ó sì wà nínú iṣẹ́ náà títí ó fi kú. Ní ọdún 1730, kí ó tó pé ẹni ọgbọ̀n ọdún, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ ìràwọ̀ ní Yunifásítì ìlú náà. Kí àwa tí a ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ má sì gbàgbé èyí: ọkùnrin yìí, pẹ̀lú gbogbo ọ̀wọ̀ rẹ̀, kò ka á sí ohun ìtìjú láti kọ ìwé ìṣirò kékeré fún àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ Sweden.

Ó yẹ kí n sọ bí etí òkun ibẹ̀ ti rí, nítorí ó yàtọ̀ pátápátá sí ohun tí a mọ̀. Òkun kan wà láàrin Sweden àti Finland, tí a ń pe apá òkè rẹ̀ ní Bothnia. Ní gbogbo bèbè rẹ̀, láti ayébáyé, ni àwọn apẹja ti ń rí i pé omi ń fà sẹ́yìn. Ibi tí baba ti ń so ọkọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, níbẹ̀ ni ọmọ ọmọ rẹ̀ yóò ti máa gé koríko fún màlúù. Àwọn ará Östhammar rí i pé ọkọ̀ ojú omi kò lè dé ọ̀dọ̀ wọn mọ́. Púpọ̀ nínú wọn ṣí lọ, wọ́n sì tẹ ìlú Öregrund dó ní ọdún 1491 níbi tí omi ti jìn. Ìlú Luleå pẹ̀lú ṣí kúrò lójú kan bọ́ sí òmíràn ní ọdún 1649 nítorí pé èbúté rẹ̀ ti di ilẹ̀. Ìlú àtijọ́ náà ṣì wà lókè báyìí, ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ àti àwọn ilé kékeré rẹ̀ dúró, ṣùgbọ́n òkun ti jìnnà sí i. Gbogbo ènìyàn ni ó mọ̀ pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀. Kò sí ẹni tí ó lè sọ iye tí ó ń ṣẹlẹ̀.

Ọ̀nà tí Celsius gbà wá ìdáhùn ni ó wú mi lórí jù nínú gbogbo ìtàn rẹ̀. Ẹranko kan wà nínú òkun náà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní seal. Ó ń lúwẹ̀ẹ́ bí ẹja, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ni ó ń mí bí tiwa, a sì máa gun orí àpáta tí kò ga púpọ̀ ju omi lọ láti sinmi. Níbẹ̀ ni ọdẹ ti ń bá a. Ọ̀rá rẹ̀ ń tan fìtílà, awọ rẹ̀ ń di bàtà, nítorí náà àpáta tí ẹran yìí fẹ́ràn di ohun ìní gẹ́gẹ́ bí oko kòkó ti jẹ́ lọ́dọ̀ wa: ó ní ẹni tí ó ni ín, a ń jogún rẹ̀, a ń tà á, a sì ń san owó-orí lé e. Ìwé sì wà fún gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí omi ti ń fà, àpáta náà ń yọ sókè, títí ẹran kò fi lè gùn ún mọ́, iye rẹ̀ a sì já wálẹ̀. Celsius rí i pé ìwé ogún àti ìwé owó-orí wọ̀nyí, tí àwọn ọ̀mọ̀wé mìíràn kò bojú wò, jẹ́ àkọsílẹ̀ ibi tí omi òkun dé láyé àtijọ́. Bí ìwé bá wí pé ọdẹ ń pa ẹran lórí àpáta kan ní ọdún 1563, orí àpáta náà kò lè ga ju omi lọ púpọ̀ ní ọdún náà. Láti ìgbà náà dé ọdún 1731 jẹ́ ọdún 168. Ẹni tí ó bá wọn bí orí àpáta ti ga tó nísinsìnyí, tí ó sì fi ọdún pín in, yóò mọ iye tí omi ń fà. Ìṣirò rẹ̀ wá sí ohun tí ó ju ẹsẹ̀ bàtà 4 lọ ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọ̀ọ̀kan.

Ó pọ̀ ju bí ó ti rí ní tòótọ́ lọ. Àwọn tí ó fi ohun èlò dídára wọ̀n ọ́n lẹ́yìn rẹ̀ rí i pé kò tó sẹ̀ǹtímítà 1 lọ́dún ní agbègbè náà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń fi ìwé owó-orí àti ọ̀rọ̀ ẹnu ọdẹ ṣe ìṣirò, tí ó sì súnmọ́ òtítọ́ tó báyìí, kò yẹ kí a bá a wí.

Òun fúnra rẹ̀ mọ̀ pé ìwé àtijọ́ kò tó. Nítorí náà ní ọdún 1731 ó mú kí a gbẹ́ àmì sí ara irú àpáta bẹ́ẹ̀ kan ní erékùṣù Lövgrund, tí kò jìnnà sí ìlú Gävle, ní ojú ibi tí omi dé ní ọdún náà, a sì gbẹ́ ọdún náà sí i. Òkun tí ó wà níbẹ̀ kì í kún kí ó sì fà lójoojúmọ́ bí tiwa ní Èkó, àfi bí ìjì bá ti í. Èyí ni ó mú kí àmì bẹ́ẹ̀ ṣe é fi ṣe ìwọ̀n. Celsius mọ̀ dájú pé òun kò ní pẹ́ láyé tó láti rí ìyàtọ̀ tí ó tó nǹkan. Àwọn tí a kò tí ì bí ni ó gbẹ́ ẹ dè.

Láìpẹ́ sí i ó rìn lọ sí òkèèrè, nítorí pé ní ilẹ̀ rẹ̀ kò sí ilé ìwòràwọ̀ kan tí ó yẹ kí a pè bẹ́ẹ̀. Ó dé Jámánì, Ítálì, Faransé àti London. Ní ìlú Nuremberg, ní ọdún 1733, ó tẹ ìwé kan jáde tí ó kó ìgbà 316 jọ tí òun àti àwọn ẹlòmíràn rí ìmọ́lẹ̀ àríwá, ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ oríṣìíríṣìí tí ń ta lójú ọ̀run lóru ní àwọn ilẹ̀ òtútù. Ní Paris ó bá àríyànjiyàn ńlá kan pàdé. Àwọn kan wí pé ayé yìí fẹ̀ ní ìdí, ó sì tẹ́ díẹ̀ ní òkè àti ìsàlẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Newton ti kọ́ni. Àwọn mìíràn wí pé ó gùn bí ẹyin. Ọba Faransé rán àwọn ọ̀mọ̀wé lọ sí ìhà ìdí ayé ní Amẹ́ríkà, ó sì rán àwọn mìíràn lọ sí òpin àríwá lábẹ́ Maupertuis. Celsius bá ti àríwá lọ ní ọdún 1736. Òun ni ó sì ti ra àwọn ohun èlò wọn ní London.

Ìrìn-àjò náà le. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, kòkòrò fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ wọ́n tán nínú igbó. Ní ìgbà òtútù, wọ́n fi ọ̀pá igi wọn ilẹ̀ títẹ́jú kan lórí odò Torne tí ó ti dì, òtútù náà sì mú wọn gidigidi. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà parí ní ọdún 1737, ó sì dá Newton láre. Láti ìgbà náà ni orúkọ Celsius ti di ńlá nílé, ó sì lo orúkọ náà láti fi bẹ àwọn aláṣẹ títí wọ́n fi fún un ní owó kọ́ ilé ìwòràwọ̀ ní Uppsala. Ó parí ní ọdún 1741. Ilé náà ṣì wà ní àárín ìlú títí di òní, ó kọ ẹ̀gbẹ́ sí òpópónà bí ẹni pé ó ń bá àwọn ilé yòókù jà.

Nínú ilé yìí ni òun àti Olof Hiorter, olùrànlọ́wọ́ rẹ̀, ti rí i pé bí ìmọ́lẹ̀ àríwá bá ti ń ta lójú ọ̀run, abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì kì í dúró jẹ́ẹ́. Ní ọdún 1742 ó ṣe ìwọ̀n ìgbóná tí gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n. Ohun tí yóò ya ọmọ ilé-ìwé lẹ́nu ni pé Celsius pe ibi tí omi ti ń hó ní 0, ó sì pe ibi tí omi ti ń dì ní 100. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni àwọn ẹlòmíràn yí i padà sí bí a ti ń lò ó. Bí a kò bá yí i padà ni, ara ọmọ tí ibà mú ìbá máa dínkù sí i bí ibà náà ti ń pọ̀ sí i!

Ó padà sí ọ̀rọ̀ òkun ní ọdún 1743, ó sì kọ gbogbo ohun tí ó ti kó jọ: àwọn èbúté tí ó ti di ilẹ̀, àwọn àpáta ọdẹ, àti àmì Lövgrund. Ó wí níbẹ̀ pé omi òkun ni ó ń dínkù. Ní ọdún kan náà ni Linnaeus, ọ̀mọ̀wé nínú ewéko, ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan ní Uppsala tí ó bá a mu, pé ilẹ̀ gbígbẹ ti kéré rí, ó sì ti ń fẹ̀. (Ẹni tí a bá ti kọ́ ní ìtàn Ilé-Ifẹ̀ yóò rẹ́rìn-ín níhìn-ín.) Ọdún kejì ni Celsius kú, ní ọjọ́ 25 oṣù kẹrin ọdún 1744. Ikọ́ ẹ̀gbẹ ni ó pa á, ní ẹni ọdún 42. A sin ín sínú ṣọ́ọ̀ṣì Uppsala àtijọ́. Ó ti jà títí pé kí Sweden gba kàlẹ́ńdà tí àwọn ilẹ̀ yòókù ń lò; ọdún 1753 ni wọ́n tó gbà á.

Ìjà ọ̀rọ̀ lórí òkun bẹ̀rẹ̀ nígbà tí kò sí láyé láti gbèjà ara rẹ̀. Bí omi bá ń fà ní iye tí ó sọ, tí a sì ka ọdún padà sẹ́yìn, a jẹ́ pé ilẹ̀ tí àwọn ènìyàn gbàgbọ́ pé àwọn baba wọn ti ń gbé láti ìgbà Nóà wà lábẹ́ òkun. Èyí bí ọ̀pọ̀ àwọn olórí ìjọ nínú. Ní ọdún 1755, Bíṣọ́ọ̀bù Browallius ti Åbo tẹ ìwé kan jáde láti tako Celsius. Kí a má ṣe rò pé òmùgọ̀ ni bíṣọ́ọ̀bù yìí. Ọ̀rẹ́ Linnaeus ni, ó sì fi ohun tí ojú rí jiyàn. Ó tọ́ka sí àwọn igi ńláńlá tí ó ti wà fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún ní ẹ̀bá omi gan-an. Bí ìṣirò Celsius bá tọ́, nínú òkun ni ìbá ti hù wọ́n.

Ìṣòro kan sì wà tí ó jinlẹ̀ ju ti igi lọ. Gbogbo wa mọ̀ pé bí a bá bu omi kúrò nínú agbada, kì í dínkù lápá kan kí ó má dínkù lápá kejì. Bí omi òkun bá ń dínkù ní Bothnia, ó yẹ kí ó dínkù ní gúúsù Sweden àti ní bèbè Jámánì. Kò sì rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1802, Playfair ará Scotland wí pé ó rọrùn láti gbà pé ilẹ̀ ni ó ń gòkè ju pé omi ni ó ń sọ̀kalẹ̀ lọ; von Buch, tí ó rin ilẹ̀ Sweden já ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, wí bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Charles Lyell, ọ̀gá nínú ìmọ̀ ilẹ̀ àti àpáta ní England, kò gbà á. Ní ọdún 1834 ó dìde lọ fúnra rẹ̀, ó wọ ọkọ̀ dé Lövgrund, ó sì wá àmì náà rí. Ohun tí ó ju ẹsẹ̀ bàtà 2 lọ ni ó fi ga ju omi lọ. Lyell padà sílé, ó sì wí ní gbangba pé òun ti yí èrò òun padà. Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún èyí.

Ṣùgbọ́n kí ni ó ń gbé odindi ilẹ̀ sókè? Thomas Jamieson, ará Ellon ní Scotland, ni ó wá ìdáhùn rí ní ọdún 1865. Agassiz ti kọ́ni ṣáájú pé yìnyín bo àríwá ayé mọ́lẹ̀ nígbà kan rí. Jamieson rí ìkarahun òkun nínú amọ̀ ní orí ilẹ̀ tí yìnyín ti bò, ó sì rò ó pé ìwúwo yìnyín náà ni ó tẹ ilẹ̀ rì. Ẹ wo ẹni tí ó sanra tí ó jókòó lórí tìmùtìmù: bí ó bá dìde, tìmùtìmù náà yóò máa wú padà díẹ̀díẹ̀. Yìnyín tí ó wà lórí Sweden nípọn tó nǹkan bí kìlómítà 3. Ẹ mú ilé Cocoa House tí ó wà ní Dùgbẹ̀, tí gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 105, kí ẹ to ó léra tó 28, ẹ ó mọ bí ẹrù náà ti wúwo tó. Ó ti tó ọdún 10,000 tí yìnyín náà ti yọ́ tán, ilẹ̀ kò tí ì wú padà tán. Inú ayé nísàlẹ̀ ki ju oyin lọ, kì í yára.

Láti ìgbà náà ni àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń to ìtàn òkun pọ̀ ní irú àwọn ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ní Sweden, Scotland, Norway àti Kánádà. Ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà ni kí wọ́n wá adágún kékeré tí ó wà lórí àpáta, tí ó ti jẹ́ apá òkun rí. Wọ́n a gún irin oníhò wọ inú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ewéko tíntìntín tí ara wọn dàbí dígí wà nínú ẹrẹ̀ náà, tí ojú lásán kò lè rí. Àwọn kan kì í gbé ibòmíràn àfi inú omi iyọ̀, àwọn mìíràn kì í gbé àfi inú omi dídùn. Ibi tí ti omi iyọ̀ bá pin sí tí ti omi dídùn sì bẹ̀rẹ̀, níbẹ̀ ni ọjọ́ tí adágún náà já kúrò lára òkun wà. A lè fi kábọ́ọ̀nù inú ẹrẹ̀ náà mọ iye ọdún rẹ̀, a sì mọ bí adágún náà ti ga tó lónìí. Bí a bá ṣe é ní adágún púpọ̀, ọ̀kan lókè ọ̀kan, a ti rí àkàbà tí òkun gbà sọ̀kalẹ̀. Ní ibi tí a ń pè ní Höga Kusten, ojú òkun àtijọ́ wà ní mítà 286 lókè òkun òde òní, èyí tí ó ju Cocoa House méjì àti ààbọ̀ lọ. Nítorí rẹ̀ ni UNESCO ṣe kọ ibẹ̀ mọ́ àwọn ogún gbogbo ayé ní ọdún 2000.

Ẹnìkan lè bèèrè pé kí ni ó kàn wá ní Ìbàdàn nípa yìnyín. Omi tí ó dì sórí ilẹ̀ àwọn ará àríwá, láti inú òkun gbogbo ayé ni ó ti wá, láti inú òkun Èkó pẹ̀lú. Ní nǹkan bí ọdún 20,000 sẹ́yìn, òkun wà ní nǹkan bí mítà 120 nísàlẹ̀ ibi tí ó wà lónìí, bèbè rẹ̀ sì jìnnà sí ibi tí Èkó wà. Nígbà tí yìnyín yọ́, omi padà wá, ó sì kún àwọn àfonífojì odò. Níbi tí tiwọn ti ń gòkè, tiwa kò gòkè, nítorí kò sí ẹrù kankan tí a gbé kúrò lórí rẹ̀. Ọ̀ràn Bar Beach tún yàtọ̀: àwọn odi òkúta tí a kọ́ sí ẹnu èbúté Èkó láàrin ọdún 1908 àti 1912 ni ó dá iyanrìn dúró ní ìhà ìwọ̀-oòrùn, tí òkun fi ń jẹ ìhà ìlà-oòrùn. Ní Ayétòrò ti Ìlàjẹ, tí a tẹ̀ dó ní ọdún 1947, òkun ti gbé ọ̀pọ̀ ilé lọ. Ẹni tí yóò bá sọ ìdí rẹ̀ gbọ́dọ̀ ya omi tí ń gòkè sọ́tọ̀ kúrò lára ilẹ̀ tí ń rì, kí ó sì ya méjèèjì sọ́tọ̀ kúrò lára iyanrìn tí a dí lọ́nà. Celsius kò mọ ìyàtọ̀ náà ní ti Bothnia, ṣùgbọ́n àmì rẹ̀ ni àwọn tí ó mọ̀ ọ́n fi mọ̀ ọ́n.

Àpáta náà ṣì wà ní Lövgrund. Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ dé ibẹ̀ yóò rí ọdún 1731 ní nǹkan bí mítà 2 lókè omi, níbi tí ọwọ́ ọkùnrin gíga yóò ti nà kí ó tó kàn án. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni àmì Lyell ti ọdún 1834 wà.